Alẹ́ tí Osimhen kò jáde fún ìdajì kejì

Ìdajì kejì ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé ìwòran wa ní Kubwa l'Ábújá tó kíyè sí i pé Osimhen, atamátàsé Nàìjíríà, kò sí lórí pápá. Ọmọ kékeré kan tó jókòó sílẹ̀ níwájú, tó fi páálí ìndómì gé ìbòjú fún ara rẹ̀, tó fi èédú kùn ún dúdú, ló kọ́kọ́ yíjú padà sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, Osimhen dà?" Mi ò tíì lanu tí ariwo fi ta. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Nàìjíríà àti DR Congo ló ń gbá a ní Rabat, ọ̀nà Ife Àgbáyé ni, ọ̀mì 1-1 ni wọ́n sì wà.

Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ti di ìtàn mẹ́ta ládùúgbò. Àwọn kan ní mo lé àgbàlagbà jáde nílé ìwòran. Àwọn kan ní wọ́n lu ara wọn. Àwọn kan ní wọ́n ta tẹ́tẹ́, owó ló dá ìjà sílẹ̀. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo ni ilé ìwòran náà, èmi ni mo gba owó lẹ́nu ọ̀nà, ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni Kubwa, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá wo bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ mi: onítáìsì tó ń tẹ́ ilẹ̀ ilé, kápẹ́ńtà, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìwó, ará Ọ̀fà. Málàmù tó ń ta ṣáì wà lẹ́yìn ògiri, òun náà máa ń yọjú lójú fèrèsé nígbà tí omi rẹ̀ bá ń hó lọ́wọ́.

Bàbá Kàdúná ni a ń pe bàbá tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọmọ Ọ̀fà ni, ṣùgbọ́n Kàdúná ló ti dàgbà. Ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kakuri ló ti ṣiṣẹ́ títí ilé iṣẹ́ náà fi tìlẹ̀kùn lọ́dún 2007, ló bá kó tọ ọmọ rẹ̀ wá sí Kubwa. Kì í sanwó lọ́dọ̀ mi. Àga onírọ̀rí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù tó jẹ́ tirẹ̀, bó wá, bí kò wá, ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé e. Ẹnì kejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tẹ́ táìsì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnu rẹ̀ yá, ó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ọmọ dáadáa ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni, nígbà tí a gbá pẹ̀lú Gabon. Inú ti ń bí àwọn èèyàn sí àwọn Super Eagles tẹ́lẹ̀, torí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n kọ̀, wọn ò lọ ṣe ìdánrawò nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Akor Adams fún wa ní góòlù kan, Lemina ti Gabon dá a padà nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan péré kí àádọ́rùn-ún pé. Kí rẹfirí tó fọn fèrè, Osimhen rí àyè tó mọ́ gaara, ó gbá a síta. Onítáìsì fò dìde, ó káwọ́ lérí: "Bọ́ọ̀lù ti tán lẹ́sẹ̀ ọkùnrin yìí! Ó ti tán!" Àfikún àsìkò dé, ọkùnrin kan náà gbá méjì sáwọ̀n, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 102, ìkejì ní ìṣẹ́jú 110, Ejuke náà gbá ọ̀kan wọlé, a na Gabon 4-1. Onítáìsì ò fèsì. Ó jáde lọ ra ṣáì, ó ń mu ún lójú fèrèsé.

Láti alẹ́ yẹn ni ilé ìwòran ti pín. Ẹgbẹ́ kan ní Osimhen ò gbá a bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ kejì ní ara rẹ̀ ni kò dá. Ẹgbẹ́ kẹta, Bàbá ni olórí wọn, ní kò sí nǹkan tó ṣe bọ́ọ̀lù rẹ̀, ìyà tí àwọn dìfẹ́ńdà fi ń jẹ ẹ́ ni kí a wò.

Ti ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ kò tó nǹkan, mo sì sọ fún wọn lójú wọn. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá, mẹ́ta ló gbá sáwọ̀n Benin ní Uyo. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kọkànlá, mẹ́ta ló tún gbá wọlé fún kílọ́ọ̀bù rẹ̀, Galatasaray, nílé Ajax ní Amsterdam. Ẹni tó ṣe gbogbo èyí láàárín oṣù kan, ibo ni bọ́ọ̀lù ti tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀? Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni Ife Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Côte d'Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje ni Nàìjíríà gbá níbẹ̀, a dé àṣekágbá, góòlù ẹyọ kan ni Osimhen ní. Lookman ní mẹ́ta. Bàbá Kàdúná ló máa ń dá wọn lóhùn lórí ìyẹn. "Ẹ ń wo Lookman, ẹ ò wo ibi tí Lookman ti ń rí àyè. Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ Lookman, ọrùn ta ni wọ́n wà?"

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ Bàbá yìí, torí òun ló mú kí n máa wo bọ́ọ̀lù lọ́nà mìíràn. Atamátàsé bíi Osimhen, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí ojúlé. Bọ́ọ̀lù ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí orúnkún ti wọ ẹ̀yìn itan rẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní gìgísẹ̀, wọ́n á fà á ní jẹ́sì, ìgúnpá á wọ̀ ọ́ níhà. Bó bá ti fi orí ta bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, bọ́ọ̀lù ni kámẹ́rà ń tẹ̀lé. Ẹni tó kù nílẹ̀, àwa tí a jókòó ní Kubwa kò ní rí i mọ́. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá tún padà dé àgbègbè yẹn, tí a rí i tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, a ó ní, "Ẹ wò ó, kò sáré!" Láti ìgbà tí Bàbá ti fi èyí hàn mí ni mo ti máa ń wo igun tẹlifíṣọ̀n kí àwòrán tó kúrò níbẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ ó rí nǹkan.

Òfin náà ò sì ràn án lọ́wọ́ tó bó ṣe yẹ. Òfin 12 sọ pé ẹni tó bá ń ṣẹ̀ lemọ́lemọ́, kí rẹfirí fún un ní káàdì yẹ́lò, ṣùgbọ́n kò dárúkọ iye ìgbà. Àwọn dìfẹ́ńdà tó gbọ́n mọ èyí bí ẹní mowó. Wọ́n á pín in láàárín ara wọn: ìwọ gbá a lẹ́ẹ̀kan, èmi náà á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kẹta á fà á láṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyà jẹ ẹnì kan, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn tó jẹ ẹ́ níyà dá.

Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ìfarapa ni ìkà wà nídìí rẹ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Ìbòjú tí ọmọ kékeré yẹn fi páálí gé, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti wá fún ẹni tí kò mọ̀. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí Osimhen wà ní Napoli, òun àti Škriniar ti Inter jọ fò fún bọ́ọ̀lù ní San Siro, orí sì kọlu orí. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti ti ihò ojú fọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ àti ìdè so ó pọ̀, kò bá wọn lọ sí Ife Áfíríkà ní Cameroon. Ìgbà tó padà sórí pápá ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbòjú dúdú yẹn. Òun náà ló lò nígbà tí Napoli gba líìgì Italy ní sáà 2022 sí 2023, tó gba góòlù 26, tó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú líìgì náà. Lópin ọdún 2023, wọ́n fi í jẹ àgbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, ohun tí ọmọ Nàìjíríà kankan ò rí gbà láti ìgbà Kanu lọ́dún 1999. Onítáìsì a máa ní fàárí ni ó ń fi ìbòjú náà ṣe báyìí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́ rí, èmi ò ní bi í léèrè ìdí tó fi ń bò ó.

Ẹ tún rántí oṣù Kẹsàn-án. Ní Uyo lọ́jọ́ 6, nígbà tí a gbá pẹ̀lú Rwanda, wọ́n gbá Osimhen lẹ́sẹ̀, ó jáde kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Tolu Arokodare ló gba góòlù kan ṣoṣo tí a fi borí. Lọ́jọ́ 9, ní Bloemfontein, Osimhen ò sí níbẹ̀, a gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú South Africa. Ọ̀mì bí ìyẹn ló gbé wa dé Rabat tí a ti ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ Ife Àgbáyé.

Ó wá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Frank Onyeka ti fún wa ní góòlù ní ìṣẹ́jú kẹta, inú gbogbo ilé dùn, Málàmù gan-an gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. Meschak Elia dá a padà kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Nígbà tí wọ́n jáde fún ìdajì kejì, Osimhen ò bá wọn jáde. Kò sí ẹni tí a rí tó gbá a. Wọn ò gbé e sórí ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ kankan ò dà.

Onítáìsì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó ń pa ara ẹ̀ mọ́ ni! Mílíọ̀nù 75 yúrò ni Galatasaray fi rà á, ṣé ti Nàìjíríà ló máa fẹsẹ̀ ṣẹ́ torí ẹ̀?"

Bàbá ní, "Ọmọ mi, ẹni tó sáré títí di ìṣẹ́jú àádọ́fà lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ mélòó ni òní?"

"Àwọn tó kù ńkọ́? Ṣé wọn ò sáré ni?"

"Ta ni nínú wọn ni wọ́n ń gbá bíi tiẹ̀?"

"Bàbá, ẹ ò mọ bọ́ọ̀lù. Ti ayé àtijọ́ lẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ á gbọ́ràn."

Ilé dákẹ́ jẹ́ẹ́. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ni a ń gbọ́. Ẹnìkan lẹ́yìn ní, "Há à, ìwọ ọmọ yìí." Bàbá kò wo ojú rẹ̀. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí orúnkún, ó dé e, ó rọra kọjá láàárín àga, ó jáde. Mo gbọ́ tí Málàmù ń sọ níta pé, "Baba, a yi haƙuri," ìyẹn ni pé kó ṣe sùúrù. Bàbá dáhùn ní Hausa, mi ò gbọ́ ohun tó sọ.

Èmi kò dìde. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn. Góòlù ni mò ń wò. Mo ní tí bọ́ọ̀lù bá parí, n ó lọ bẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀lù náà ò parí kíá: ó lọ sí àfikún àsìkò, ó lọ sí pẹ́nárítì, Bassey sọ tirẹ̀ nù, Moses Simon sọ tirẹ̀ nù, Ajayi sọ tirẹ̀ nù, Congo gbé e lọ 4-3. Ife Àgbáyé kejì tẹ̀lé ara wọn tí a ò ní lọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó kí ẹnikẹ́ni pé ó dàárọ̀. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ti ibi ìsìnkú dé. Nígbà tí mo máa fi pa jẹnẹrétọ̀, mo rí onítáìsì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga onírọ̀rí, tó ń wò ó.

Bàbá ò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Láàárín ìgbà yẹn la gbọ́ pé iṣan ẹ̀yìn itan ló mú Osimhen jáde. Onítáìsì fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù wá fi hàn mí. Ẹni tí kò bá mọ̀, iṣan yẹn ló máa ń fa ẹsẹ̀ dúró nígbà tí èèyàn bá ń sáré tete, tó na ẹsẹ̀ síwájú, tó fẹ́ fi í tẹlẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹrù wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ló ti ń fà ya. Kò nílò dìfẹ́ńdà kankan, kò sì sí bí ẹni tó jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n ṣe máa rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn. Nígbà tí a rí ìgbá, a ní ó yẹ kó lè fara dà á. Nígbà tí a ò rí ìgbá, a ní irọ́ ló ń pa. Èmi ò bá Éric Chelle wí pé ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kóòṣì wo ni ò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ pé bí iṣan ẹnì kan bá fà, gbogbo orílẹ̀-èdè fà.

"Ẹ̀gbọ́n," ni onítáìsì wí, "ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá."

A lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ra ọsàn dání. Bó ṣe wọlé ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi, mo sọ̀rọ̀ sí yín bí ẹni tí kò nílé." Bàbá ní kó dìde, kó jókòó. Ó bó ọsàn kan, ó gé e sí mẹ́ta, ó fún wa. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀.

"Kì í ṣe torí o ní mi ò mọ bọ́ọ̀lù ni mo ṣe lọ. Ọmọ ló sọ ọ́, ọmọ á dàgbà. Torí ohun tí o sọ nípa ọmọkùnrin yẹn ni. Èmi náà ti sọ irú ẹ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ Yekini ló ń sọ. Kàdúná ni wọ́n bí Rashidi Yekini sí lọ́dún 1963, UNTL sì ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó wá sí Ìbàdàn. Bàbá ní òun jẹ́ ọ̀dọ́ ní ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn, bí òun bá ti jáde nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀gbẹ́ pápá lòun ń gbà lọ. Lọ́dún 1993, Yekini ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ àgbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994 ní Dallas, ó gba góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Àgbáyé, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n Bulgaria, ó ń sunkún. Góòlù 37 ló gbá fún Nàìjíríà, kò sí ẹni tó gbá jù ú lọ títí di ọjọ́ tí Bàbá ń sọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn Ife Àgbáyé náà, ó lọ sí Olympiacos ní ilẹ̀ Gíríìsì, ó farapa níbẹ̀, kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́.

"Nígbà tó fi di '98, tó bá sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù tí kò bá a, àwa tí a kígbe orúkọ ẹ̀ ní '94, àwa náà la ní kó lọ sinmi, ọ̀lẹ. Èmi gan-an fi ẹnu ara mi sọ ọ́, ní Kakuri, níwájú èèyàn. Ọdún 2012 ni wọ́n sin ín sí Ira. Ọ̀fà ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, Ira kò jìnnà. Mi ò lè lọ."

Onítáìsì tẹ orí ba. Bàbá ní, "Ṣùgbọ́n ti Gabon yẹn, ó yẹ kó wọlé." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, onítáìsì ní, "Bàbá, mo ṣáà sọ!"

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ọmọkùnrin náà kò lè tètè dìde. Ó di ògiri mú, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún kó tó gbé ara rẹ̀ ró. Bàbá ní kó ká ṣòkòtò. Awọ orúnkún méjèèjì ti dúdú, ó ti le bí àtẹ́lẹ́sẹ̀ bàtà, ibi tó máa ń fi kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì nìyẹn. Èyí ọ̀tún wú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń dán, òórùn Aboniki gba yàrá.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin, sà. Ilé kan là ń tẹ́ ní Gwarinpa."

"O lọ síbi iṣẹ́ lónìí?"

"Rárá, sà. Kò ṣeé kúnlẹ̀."

"Kí ni ọ̀gá rẹ sọ?"

Ọmọkùnrin náà ń ká ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Ó ní ọ̀lẹ ni mí, sà."

Bàbá ò sọ nǹkan kan. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé òrí jáde nínú ọ̀rá, ó ní kó máa fi omi gbígbóná jó o lálẹ́ kó tó fi pa á, kó sì jẹ́ kí dókítà rí i lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ 23 oṣù Kejìlá, nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ Ife Áfíríkà pẹ̀lú Tanzania ní Fez, Bàbá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù kí n tó tan díkódà. Onítáìsì pẹ́ dé, ilẹ̀ ló rí jókòó sí lẹ́sẹ̀ àga Bàbá, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Bàbá dìde díẹ̀, ó fa ìrọ̀rí jáde lábẹ́ ara rẹ̀, ó kì í sábẹ́ orúnkún ọmọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé dìfẹ́ńdà Tanzania wo ló dúró ti Osimhen.